Bí Onígbèsè Ṣe Lè Tún Rí Ojúure Báǹkì ní Ilẹ̀ Amẹ́ríkà

Ọ̀rọ̀ tí a kọ fún kíkà ní àwọn yàrá ìkàwé ìgbèríko

Ọ̀rọ̀ ti òní jẹ mọ́ àwọn ọmọ wa tí ó wà ní òkè òkun, pàápàá àwọn tí ó wà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ìlú tí ó wà ní ilẹ̀ Yorùbá tí kò ní ọmọ kan ní Houston, tàbí ní Chicago, tàbí ní New York, tàbí ní ìpínlẹ̀ Maryland. Nígbà tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá sọ fún àwọn ará ilé pé báǹkì ti kọ òun, pé òun kò lè rí owó yá láti fi ra ọkọ̀ tàbí láti fi ra ilé, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn àwọn ẹlòmíràn ni pé ọmọ náà ń ṣe ahun, tàbí pé ọ̀tá ni ó dìde sí i. Ó dára kí a mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ gan-an, nítorí pé nígbà mìíràn àwa ará ilé pàápàá ní ọwọ́ nínú rẹ̀.

Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ẹni tí ó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà egbèje. Owó ẹyọ ni wọ́n ń ná nígbà tí wọ́n pa òwe yìí, ṣùgbọ́n ohun kan náà ni àwọn báǹkì Amẹ́ríkà ń ṣe títí di òní. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé àwọn kọ ọ́ sínú ìwé, wọ́n sì ń fi ìwé náà han ara wọn. Igi tí ó dínà yìí ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí, àti bí ẹni tí ó bẹ́ ẹ ṣe lè gbé e kúrò.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí ń jẹ́ káàdì àwìn. Ó jẹ́ ohun pélébé kan tí a fi ike ṣe, tí báǹkì fi ń fún oníbàárà rẹ̀ ní àṣẹ láti ra ọjà láìsan owó lójú ẹsẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1958 ni Bank of America kọ́kọ́ fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ará ìlú Fresno ní ìpínlẹ̀ California, láti ìgbà náà sì ni ó ti tàn ká. Báǹkì ni ó máa ń dá iye tí ènìyàn lè rà ní àwìn. Ní òpin oṣù, yóò fi ìwé ránṣẹ́ pé báyìí ni o jẹ. Bí oníbàárà bá san gbogbo rẹ̀ kí ọjọ́ tó pé, kò sí èlé lórí ohun tí ó rà. Ṣùgbọ́n báǹkì kò fi dandan lé e pé kí ó san gbogbo rẹ̀. Ó fún un ní àyè láti san díẹ̀, kí ìyókù sì máa gorí. Ibẹ̀ ni ọ̀fìn náà wà. Bí èlé bá jẹ́ 24 nínú 100 lọ́dún, ẹni tí ó jẹ dọ́là 6,000 yóò máa san nǹkan bí dọ́là 120 lóṣooṣù fún èlé nìkan, gbèsè náà gan-an kò sì ní dín kù rárá.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa, ẹ jẹ́ kí a fi ọkùnrin kan ṣe àpẹẹrẹ. A kò fún un ní orúkọ, nítorí pé irú rẹ̀ pọ̀. Ọmọ agbègbè Ìjẹ̀ṣà ni, ó ń gbé ní Houston ní ìpínlẹ̀ Texas, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan. Ní ọdún 2019 bàbá rẹ̀ kú. Ẹbí ránṣẹ́ sí i pé òun ni àkọ́bí, pé ojú gbogbo ìlú ń bẹ lára rẹ̀. Wọ́n fẹ́ màlúù, wọ́n fẹ́ àgọ́ àti àga, wọ́n fẹ́ onílù àti aṣọ ẹbí. Pósí pàápàá kò gbọdọ̀ jẹ́ irú èyí tí mẹ̀kúnnù ń lò. Ọkùnrin náà kò ní owó nílẹ̀. Ó fi káàdì gba owó, ó fi káàdì ra ìwé ọkọ̀ òfuurufú, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ dọ́là 6,000. Ìsìnkú náà lárinrin. Àwọn tí ó jẹ màlúù náà kò mọ̀ pé gbèsè ni àwọn ń bá a jẹ.

Fún nǹkan bí ọdún méjì àti ààbọ̀ ni ó fi ń san ìwọ̀n tí báǹkì bèèrè, láìpa oṣù kan jẹ, ṣùgbọ́n gbèsè náà kò fi bẹ́ẹ̀ dín kù, nítorí pé èlé ni ó ń gba ọ̀pọ̀ nínú owó náà. Ní oṣù kejì ọdún 2022, ilé ìkẹ́rùsí tí ó ń ṣiṣẹ́ kógbá sílé. Oṣù kẹta dé, kò rí owó san. Oṣù kẹrin dé, bákan náà. Báǹkì ń kọ̀wé, báǹkì ń tẹ̀ ẹ́ láago. Kò dáhùn, nítorí pé ojú ń tì í. Èyí ni àṣìṣe rẹ̀ àkọ́kọ́, ó sì tóbi ju àìsan gbèsè náà lọ. Ọ̀pọ̀ báǹkì ni ó máa ń gbà láti dín èlé kù tàbí láti sún ọjọ́ síwájú fún oníbàárà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, bí ó bá tètè sọ fún wọn. Ẹni tí ó bá fi ara pamọ́, báǹkì kò lè mọ̀ bóyá ìyà ni ó ń jẹ ẹ́ tàbí olè ni.

Òfin àwọn alábòójútó báǹkì ní Amẹ́ríkà sọ pé bí gbèsè káàdì àwìn bá ti lo ọjọ́ 180 láìjẹ́ pé a san án bí ó ti yẹ, báǹkì gbọ́dọ̀ yọ ọ́ kúrò nínú owó tí ó kà sí ọrọ̀ ara rẹ̀. Èyí ni àwọn Amẹ́ríkà ń pè ní charge-off. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣì lọ́nà. Wọ́n gbọ́ pé báǹkì ti pa gbèsè náà rẹ́ nínú ìwé, wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé a ti dárí jì wọ́n. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ wo ìyá kan tí ń ta aṣọ ní ọjà Gbági ní Ìbàdàn. Ó ní ìwé kékeré kan tí ó ń kọ orúkọ àwọn tí ó ra aṣọ ní àwìn sí. Nígbà tí ó bá fẹ́ mọ bí òun ti ní owó tó, yóò ka owó tí ó wà nínú àpò, yóò ka aṣọ tí ó wà lórí igbá, yóò sì ka owó tí ó wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bí oníbàárà kan bá ti lo oṣù mẹ́fà tí kò yọjú, ìyá náà yóò gbé orúkọ rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn ìwé, kí òun má baà máa tan ara rẹ̀ jẹ pé owó náà ń bọ̀. Ṣé ó ti dárí gbèsè ji oníbàárà náà ni? Ẹ jẹ́ kí oníbàárà náà ṣèèṣì gba iwájú ìsọ̀ rẹ̀ kọjá ná! Bẹ́ẹ̀ gan-an ni báǹkì ń ṣe. Ó gbé orúkọ lọ sí ẹ̀yìn ìwé kí àwọn tí ó fi owó pamọ́ sọ́dọ̀ rẹ̀ lè mọ òtítọ́ ipò tí ó wà, ṣùgbọ́n gbèsè ṣì wà lọ́rùn onígbèsè.

Ohun kan wà tí báǹkì máa ń ṣe tí ìyá aláṣọ kì í ṣe. Ó lè ta ẹ̀yìn ìwé náà. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan wà tí ó jẹ́ pé gbèsè ni wọ́n ń rà. Wọ́n a rà á ní ẹ̀dínwó gan-an, wọ́n a sì wá máa bèèrè gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ onígbèsè. Ní ayé àtijọ́ ní ilẹ̀ wa, ológò ni olówó máa ń rán lọ. Ológò yóò lọ jókòó sí ilé onígbèsè, yóò máa pariwo, yóò máa sọ ọ̀rọ̀ tí kò dára, adìẹ tí ó bá sì kọjá níwájú rẹ̀ di ti ọbẹ̀ rẹ̀, títí ara ilé yóò fi dá owó jọ. Òfin kan tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe ní ọdún 1977 kò gba irú ìwà bẹ́ẹ̀ láyè. Agbowó-gbèsè kò gbọdọ̀ halẹ̀ mọ́ onígbèsè, kò gbọdọ̀ bú u, kò sì gbọdọ̀ pè é lórí tẹlifóònù kí aago mẹ́jọ òwúrọ̀ tó lù tàbí lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án alẹ́. Onígbèsè ní ẹ̀tọ́, láàárín ọjọ́ 30 tí ó kọ́kọ́ gba ìwé wọn, láti kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n fi ẹ̀rí gbèsè náà han òun, wọn kò sì gbọdọ̀ máa dà á láàmú mọ́ títí wọn yóò fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọkùnrin wa rí iṣẹ́ mìíràn nígbà tí ó yá. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, ó fẹ́ ra ọkọ̀ tí yóò máa gbé e lọ sí ibi iṣẹ́, nítorí pé ní Houston ẹni tí kò ní ọkọ̀ dà bí ẹni tí kò ní ẹsẹ̀. Ó lọ sí báǹkì rẹ̀ àtijọ́, wọ́n kọ̀. Ó lọ sí òmíràn, wọ́n kọ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan ó ti tọrọ owó ní ibi márùn-ún. Kò mọ̀ pé bí báǹkì kọ̀ọ̀kan ti ń yẹ ìwé òun wò nígbà tí òun tọrọ owó, bẹ́ẹ̀ ni àmì rẹ̀ ń wà nínú ìwé náà fún ọdún méjì, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó ń sáré láti ẹnu ọ̀nà kan dé èkejì ń jọ ẹni tí ebi ń pa lójú àwọn tí ó ní oúnjẹ. Ìbá sàn fún un kí ó kọ́kọ́ bèèrè bóyá wọn yóò gbà á. Ọ̀pọ̀ báǹkì ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ tí kì í fi àpá sílẹ̀.

Ìwé wo ni a ń wí yìí? Ilé-iṣẹ́ ńlá mẹ́ta ni ó ń kọ ìtàn gbèsè àwọn ènìyàn ní Amẹ́ríkà: Equifax, Experian àti TransUnion. Gbogbo ohun tí ènìyàn yá, ọjọ́ tí ó san án, ọjọ́ tí kò san án, ọ̀dọ̀ wọn ni àkọsílẹ̀ rẹ̀ ń lọ. Láti inú ìtàn yìí ni a ti ń fún olúkúlùkù ní máàkì, bí olùkọ́ ti ń fún ọmọ ilé-ìwé. Èyí tí a mọ̀ jù ni ti FICO, tí ó ti wà láti ọdún 1989. Máàkì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 300 títí dé 850. Nínú ohun tí wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀, ìdá 35 nínú 100 wà lórí bí ènìyàn ti ń san gbèsè lásìkò, ìdá 30 sì wà lórí bí ó ti jẹ gbèsè tó. Àwọn nǹkan yòókù kéré sí ìwọ̀nyí. Nítorí náà, gbèsè káàdì tí a gbé lọ sí ẹ̀yìn ìwé jẹ́ ẹgba ńlá. Ó sì máa ń wà nínú ìtàn náà fún ọdún méje. Láti ìgbà tí gbèsè náà ti kọ́kọ́ já ni a ti ń ka ọdún ọ̀hún, kì í ṣe láti ọjọ́ tí a tà á fún ẹlòmíràn. Agbowó-gbèsè tí ó bá yí ọjọ́ náà padà kí ó lè pẹ́ sí i ti rú òfin.

Òfin ọdún 1974 fi dandan lé e pé báǹkì tí ó bá kọ ẹnì kan gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ó mọ ìdí rẹ̀. Lẹ́tà náà dé sọ́dọ̀ ọkùnrin wa, ó sì fẹ́ fà á ya. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ará Ìjẹ̀bú, ni ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ tí ó sì kà á. Lẹ́tà ìkọ̀sílẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn náà, nítorí pé ó sọ ìdí tí wọ́n fi kọ̀, ó sì dárúkọ ilé-iṣẹ́ tí ó fún báǹkì ní ìtàn tí ó kà. Ẹni tí ó gba irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ lè gba ẹ̀dà ìtàn náà lọ́fẹ̀ẹ́ láàárín ọjọ́ 60. Lẹ́yìn èyí pàápàá, láti ọdún 2023 àwọn ilé-iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti sọ ọ́ di ohun tí kò ní dópin pé kí ènìyàn lè wo ìtàn ara rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Nígbà tí ó wo ìtàn náà, ó rí ohun tí ó yà á lẹ́nu. Gbèsè kan ṣoṣo ni ó jẹ, ṣùgbọ́n méjì ni wọ́n kọ. Báǹkì kọ ọ́ pé ó jẹ òun ní dọ́là 6,600, nítorí pé èlé àti owó ìtanràn ti gorí owó náà. Ilé-iṣẹ́ tí ó ra gbèsè náà sì tún kọ ọ́ pé ó jẹ òun ní dọ́là 6,600. Báǹkì tí ó ti ta gbèsè kò gbọdọ̀ tún máa kọ ọ́ pé a jẹ òun ní owó náà. Òdo ni ó yẹ kí ó wà ní ààyè rẹ̀. Ọkùnrin náà kọ̀wé sí àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń kọ ìtàn, ó fi ẹ̀rí tì í, wọ́n sì tún un ṣe. Òfin fún wọn ní ọjọ́ 30 láti wádìí irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀. Kò ná an ju owó ìfìwéránṣẹ́ lọ.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ níbí yìí, nítorí pé ní ojú ọ̀nà yìí gan-an ni àwọn gbájúẹ̀ máa ń ba sí. Ẹnì kan pe ọkùnrin wa lórí tẹlifóònù pé bí ó bá lè san dọ́là 900, òun yóò pa gbogbo ìtàn burúkú náà rẹ́ láàárín oṣù kan. Irú wọn pọ̀, àwọn kan nínú wọn sì ń sọ èdè wa, wọ́n ń polówó ara wọn fún àwọn ọmọ Yorùbá ẹlẹgbẹ́ wọn níbi ìsọmọlórúkọ àti ní ilé ìjọsìn. Kò sí ẹni tí ó ní agbára láti fi dandan mú kí a pa ohun tí ó jẹ́ òtítọ́ rẹ́ kí ọdún méje tó pé. Ohun tí ó jẹ́ irọ́ ńkọ́? Ẹni tí ó ni ìtàn lè tún un ṣe fúnra rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, bí a ti rí i. Òfin ọdún 1996 sì ti sọ pé irú àwọn alátùn-únṣe bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ gba owó kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ìlérí rẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ na ọwọ́ fún owó ti fi ara rẹ̀ hàn.

Ó wá kan sísan gbèsè náà. Ohun kan wà tí ó yẹ kí a mọ̀ kí a tó na ọwọ́ sápò. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní Amẹ́ríkà ni ó dá iye ọdún tí olówó fi lè pe onígbèsè lẹ́jọ́. Ní Texas, ọdún mẹ́rin ni; ní New York, láti ọdún 2022, ọdún mẹ́ta ni fún irú gbèsè yìí. Bí ọdún náà bá ti kọjá, gbèsè kò kú, ṣùgbọ́n ẹjọ́ rẹ̀ ti kú. Ní àwọn ìpínlẹ̀ kan, owó táṣẹ́rẹ́ tí onígbèsè bá san nítorí pé agbowó-gbèsè ń bẹ̀ ẹ́ lè jí ẹjọ́ tí ó ti kú dìde, kí ọdún sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí gbèsè rẹ̀ ti pẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bèèrè òfin ìpínlẹ̀ rẹ̀. Ti ọkùnrin wa kò tíì pé ọdún mẹ́rin ní 2024. Wọ́n ṣì lè pè é lẹ́jọ́, wọ́n sì lè borí. Ó bá wọn jíròrò, wọ́n sì gbà pé kí ó san dọ́là 3,600 dípò 6,600, ní dọ́là 300 lóṣooṣù fún oṣù méjìlá. Kò san kọ́bọ̀ kan títí àdéhùn náà fi tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ nínú ìwé. Ọ̀rọ̀ tí a sọ lórí tẹlifóònù, afẹ́fẹ́ a máa gbé e lọ.

Dọ́là 3,000 tí wọ́n fi jì í kò lọ lásán pẹ̀lú. Bí a bá fi dọ́là 600 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ji onígbèsè ní Amẹ́ríkà, ẹni tí ó fi jì í a máa kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù tí a ń pè ní 1099-C, ìjọba sì kà á sí owó tí ó wọlé fún onígbèsè náà, tí ó lè san owó-orí lé lórí. Àánú wà níbẹ̀ fún ẹni tí gbogbo gbèsè rẹ̀ ju gbogbo ohun ìní rẹ̀ lọ ní ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ sọ ọ́ nínú ìwé owó-orí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni kò mọ èyí, tí ìwé ìjọba sì bá wọn lójijì nígbà tí wọ́n ti rò pé àjàgà ti bọ́ lọ́rùn.

Gbèsè tí a ti san kì í kúrò nínú ìtàn lójú ẹsẹ̀. A óò kọ ọ́ pé a ti yanjú rẹ̀, àmì náà yóò sì wà níbẹ̀ títí ọdún yóò fi pé. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ojú tí ayánilówó fi ń wo ẹni tí ó ṣubú tí ó dìde, ọ̀tọ̀ ni ti ẹni tí ó ṣì wà nílẹ̀. Báǹkì tí a jẹ lówó tẹ́lẹ̀ nìkan ni a kò lè ṣe ìlérí fún ẹnikẹ́ni nípa rẹ̀. Báǹkì ní ìwé tirẹ̀ nínú ilé, èyí tí òfin ọdún méje kò kàn. Àwọn mìíràn a gba oníbàárà padà bí ó bá ti san gbèsè àtijọ́, àwọn mìíràn a sì rántí rẹ̀ títí ayé. Ẹni tí ó bá bá irú èyí pàdé kò gbọdọ̀ jókòó sí ẹnu ọ̀nà wọn máa sunkún. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Ọ̀nà tí ọkùnrin wa gbà ni ti ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀. Kì í ṣe ohun àjèjì sí àwọn tí ń gbin kòkó. Ní Amẹ́ríkà, irú àwọn ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ wà tí ń tọ́jú owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́, tí ó sì ń yá wọn lówó. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni ó ni wọ́n, wọ́n sì sábà máa ń fi etí sílẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan ju báǹkì ńlá lọ. Ó wọ ẹgbẹ́ kan ní oṣù keje ọdún 2024. Wọ́n fún un ní káàdì tí a ń fi owó ẹni ṣe ìdógò fún: ó fi dọ́là 200 sí ọwọ́ wọn, wọ́n sì gbà á láyè láti ra ọjà dọ́là 200 ní àwìn. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi í rẹ́rìn-ín pé kí ni àǹfààní káàdì tí ènìyàn ń fi owó ara rẹ̀ ṣe onígbọ̀wọ́ ara rẹ̀. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ẹgbẹ́ náà ń fi ìròyìn sísan rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ilé-iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tí yóò bá gba irú káàdì bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ bèèrè èyí kí ó tó fi owó sílẹ̀, nítorí pé káàdì tí kò bá ń ròyìn kò wúlò fún iṣẹ́ yìí. Èsúsú àti àjọ tí àwọn ènìyàn wa ń dá lọ́hùn-ún dára, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ lọ́wọ́ ìtìjú, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá tilẹ̀ dá èsúsú fún ogún ọdún láìyẹ̀, báǹkì kì í sábà rí i.

Epo ọkọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ń gbé e lọ sí ibi iṣẹ́ nìkan ni ó ń fi káàdì náà rà, dọ́là 30 lóṣù. Kò ra bàtà, kò ra aṣọ. Kí ọjọ́ tó pé ni ó ti ń san gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ó bá lo gbogbo dọ́là 200 náà lóṣooṣù, bí ó bá tilẹ̀ ń san án, máàkì rẹ̀ kì í fò sókè bí ti ẹni tí ó ń lo díẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó ń lá ìkòkò gbẹ ń fi hàn pé oúnjẹ kò tó òun. Oṣù kan tẹ̀lé òmíràn. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé òkè òkun nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ti rí bẹ́ẹ̀. Ní Nàìjíríà níhìn-ín, láti oṣù kejì ọdún 2014 ni Báǹkì Àpapọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò nọ́ńbà BVN, èyí tí ó so gbogbo àkáǹtì tí ẹnì kan ní pọ̀ mọ́ ara wọn. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2020, báǹkì tí a jẹ lówó lè gba owó rẹ̀ nínú àkáǹtì tí onígbèsè ní sí báǹkì mìíràn. A sì ní òfin kan láti ọdún 2017 lórí àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń kọ ìtàn gbèsè ní ilẹ̀ wa. Ọjọ́ ti lọ tí ènìyàn fi lè jẹ báǹkì kan lówó ní Iléṣà kí ó sì lọ ṣí àkáǹtì mìíràn ní Ògbómọ̀ṣọ́ bí ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bí.

Ní ti àwọn ará ilé, ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí ó máa jáde lẹ́nu wọn nígbà tí ìnáwó bá dé, tí wọ́n sì fẹ́ ránṣẹ́ sí ọmọ tí ó wà lẹ́yìn odi: ṣé owó tí o ní ni, tàbí káàdì ni o fẹ́ fi gbà á? Bí ó bá jẹ́ káàdì ni, adìẹ lè dípò màlúù. Àwọn ìyá ọkùnrin wa kò bèèrè ìbéèrè yìí ní 2019. Nígbà tí ìyá rẹ̀ gan-an gbọ́ ohun tí ojú rẹ̀ rí ní 2024, ó ní òun ìbá ti ta ilẹ̀ etí odò ká ní òun mọ̀. Ọmọ náà ní kí ó má tà á. Ó ní gbèsè ti káàdì, káàdì ni a ó fi tún un ṣe.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2025 ó san dọ́là 300 tí ó kẹ́yìn, ilé-iṣẹ́ náà sì fún un ní ìwé pé kò jẹ wọ́n mọ́; ó tọ́jú ìwé náà sínú àpótí pẹ̀lú ìwé ìrìnnà rẹ̀. Ní oṣù keje, lẹ́yìn ọdún kan gééré, ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kọ̀wé sí i pé àwọn kò nílò ìdógò lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, wọ́n sì dá dọ́là 200 rẹ̀ padà fún un. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n yá a lówó láti fi ra ọkọ̀ àlòkù kan. Èlé rẹ̀ ga ju ti ẹni tí kò jẹ gbèsè rí lọ, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì fọwọ́ sí i. Àmì ọdún 2022 ṣì wà nínú ìtàn rẹ̀. Ó di ọdún 2029 kí ó tó kúrò. Òun ni ó ń fi ọkọ̀ náà gbé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ará Ìjẹ̀bú lọ sí ibi iṣẹ́ báyìí, epo dọ́là 30 sì ni ó ṣì ń fi káàdì náà rà lóṣù.